Àtòkèèrè La Ti Ń Wo Igi Gogoro

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń gba Rye Lane kọjá ní Peckham ní Sátidé, tí ẹ ń lọ ra iṣu àti pọ̀nmọ́, ẹ má fi gbogbo ojú sí fóònù. Ẹ wo ara òpó iná. Ẹ óò rí ìwé kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí wọ́n so mọ́ òpó. Òjò ti pa á, kò sì sẹ́ni tó ń dúró wò ó àfi ajá tó ń gbóòórùn ìdí òpó. Káńsù ló so ó síbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹnì kan fẹ́ wó ilé kan, tàbí ó fẹ́ kọ́ òmíràn, tàbí ó fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù di fúláàtì, àti pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kó sọ ọ́ kí ọjọ́ 21 tó pé.

Ọjọ́ 21 yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn wa ń sunkún lé lórí ní Peckham, ní Walworth, ní Old Kent Road, ilé tí wọ́n wó, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lé kúrò, owó ilé tí apá ò ká mọ́, kò sí èyí tí kò kọ́kọ́ jẹ́ ìwé lára òpó tàbí ìwé lórí tábìlì ìpàdé, nígbà tí ẹnu ṣì lè yí i padà. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wò ó àfi ìgbà tó bá dé ìpéǹpéjú.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ọ̀kan á ní, “Bàbá, másítà ni mo wá ṣe, ọdún kan náà ni.” Òmíràn á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, fisa kéà ni mo fi wá, wọ́n kọ ọ́ sí i gbàgàdà pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba. Kí ló pa èmi àti ilé káńsù pọ̀?” Ohun tí àwa náà sọ nìyẹn nígbà tí a dé. A ní a máa kàwé, a máa kówó jọ, a máa padà lọ kọ́lé sí Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn. Àwọn kan kọ́ ọ lóòótọ́. Ilé náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló ń gbé inú rẹ̀, àwa sì wà ní Peckham títí di òní, àwọn ọmọ ọmọ wa ń lọ sí ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí a kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Àlejò lójú, kò fi ríran, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá tijú láti lanu nítorí pé àlejò ni òun, kò ní pẹ́ tí yóò fi di àlejò títí ayé.

Ẹ sì tún gbọ́ eléyìí, nítorí ó ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Nàìjíríà tó ní fisa tó ṣì dára, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Kò dìgbà tí ẹ bá gba páásípọ́ọ̀tù pupa tàbí búlúù tiwọn. Kọmọ́níwẹ́ẹ̀tì tí a wà nínú rẹ̀ ló fún wa ní àǹfààní yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dìbò, òṣìṣẹ́ kéà lè dìbò, ìyá tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá lè dìbò. Láti 2023 ni wọ́n ti ń béèrè káàdì tó ní fọ́tò ní ibùdó ìdìbò, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ó dùn mí fún àwọn ìbátan wa láti Kétu àti Àjàṣẹ́ tó ń lo ìwé ìrìnnà Benin, nítorí Benin kò sí nínú Kọmọ́níwẹ́ẹ̀tì. Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ 63 ló ń ṣàkóso Southwark, káńsù tó ni Peckham àti Walworth, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò yàn wọ́n, ẹni tó sì jáde dìbò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2022 kò tó ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀mí ìrètí wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ìṣirò: ní wọ́ọ̀dù kékeré, ìjọ kan ṣoṣo tó bá jáde lẹ́yìn ìsìn lè yí ìbò padà.

Mo fẹ́ mú yín dé Elephant and Castle. Ibẹ̀ ni ẹsitéètì Heygate wà tẹ́lẹ̀, ilé tó lé ní 1,000, tí wọ́n kọ́ parí ní 1974. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa gbé ibẹ̀. Káńsù ní ó ti gbó, pé ìwà ọ̀daràn ti pọ̀ níbẹ̀, pé àtúnkọ́ ló yẹ. Àwọn kan lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fọwọ́ sí i, n kò ní parọ́ fún yín. Ẹni tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ bàjẹ́ tó ń gbé ọmọ gun àkàsọ̀ kì í bá ẹni tó ṣèlérí ilé tuntun jà. Wọ́n ṣèlérí fún wọn pé wọ́n á padà wá. Lọ́dún 2010 káńsù tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Lendlease, ilé-iṣẹ́ kan láti Ọsirélíà, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ náà ní £50 mílíọ̀nù. Iye tí káńsù ti ná láti kó àwọn ará ibẹ̀ jáde tó nǹkan bíi £44 mílíọ̀nù. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ní 2013 ni bélíìfù lé ẹni ìkẹyìn kúrò, nígbà tó fi máa di òpin 2014, ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fọwọ́ sí láti fi rọ́pò rẹ̀. Ilé bíi 2,500, páàkì tó dára, igi, kọfí olówó iyebíye. Nínú ilé bíi 2,500 yìí, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó ilé bíi ti káńsù kò tó 100. Àwọn tó ti ra fúláàtì wọn lọ́wọ́ káńsù, tí wọ́n rò pé àwọn ti di onílé, owó tí wọ́n fi gbà á padà lọ́wọ́ wọn kò lè ra nǹkankan ní àdúgbò náà mọ́. Wọ́n tú ká. Ẹ lè pàdé àwọn kan nínú wọn lónìí ní Thamesmead, ní Kent, níbi tó jẹ́ pé wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ kíyè sí ni ìgbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wó ilé ni àwọn oníròyìn dé, tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n pinnu iye ilé tí yóò padà. Inú yàrá kan ni wọ́n ti pinnu rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ kan, lórí ìwé tó nípọn, tí ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé wá jókòó gbọ́. Àga ará ìlú wà nínú yàrá bẹ́ẹ̀. Mo ti jókòó nínú wọn rí. Àga tó ṣófo pọ̀ níbẹ̀ ju ti Ìsọjí alẹ́ Ọjọ́rùú lọ.

Kò jìnnà sí Heygate ni Aylesbury wà, ní Walworth, ẹsitéètì tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ ni Tony Blair lọ ní oṣù Kẹfà 1997, kò tí ì pé oṣù kan ààbọ̀ tó di olórí ìjọba, tó sì sọ pé òun kò ní gbàgbé àwọn tálákà. Ní 2001 wọ́n ní kí àwọn ará Aylesbury dìbò bóyá kí káńsù gbé ilé wọn fún àjọ mìíràn. Nínú 100 tó dìbò, 73 ní àwọn kò fẹ́. Ó dára, ẹ ó ní wọ́n ṣẹ́gun. Ní 2005 káńsù fúnra rẹ̀ pinnu pé òun yóò wó o. Ìbò ti lọ, ètò ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín pé ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀kan kó má lọ sùn.

Àwọn kan níbẹ̀ kò sùn. Nígbà tí káńsù fẹ́ fi agbára òfin ra fúláàtì wọn, wọ́n kó ìwé wọn jọ, lẹ́tà, rìsíìtì, fọ́tò, ìwé ìpàdé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n kó o lọ síwájú ẹni tí ìjọba yàn láti gbọ́ ẹjọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, mínísítà ìjọba àpapọ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí i fún káńsù. Ó ní ó tako ẹ̀tọ́ àwọn onílé náà sí ìgbé ayé ìdílé wọn, ó sì tún ní ó máa pa àwọn adúláwọ̀ àti àwọn ẹ̀yà kékeré lára ju àwọn yòókù lọ. Ìgbà tí mo ka ìyẹn, mo dìde dúró nínú ilé mi. Káńsù gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 2018. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi lọ̀ àwọn onílé nígbà kejì ti sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé tí wọ́n tọ́jú ló ṣe é.

Bóyá ẹ ti lọ sí irú ìpàdé tí wọ́n ń pe àwọn ará àdúgbò sí rí. Ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán rẹ̀ fún yín. Gbọ̀ngàn ẹsitéètì ni. Tíì wà nínú ike, bísíkíìtì wà nínú àwo. Wọ́n gbé ilé kékeré tí wọ́n fi páálí ṣe sórí tábìlì, wọ́n fi gíláàsì bò ó, igi kéékèèké wà nínú rẹ̀, èèyàn kéékèèké tó ń fa ajá wà nínú rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yóò fún yín ní sítíkà aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa. Lára ògiri, wọ́n ti kọ ìbéèrè: Ṣé àga onígi lẹ fẹ́ nínú páàkì àbí onírin? Ṣé ẹ fẹ́ ibi tí ọmọdé ti lè fi omi ṣeré? Gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ sítíkà. Màmá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ó ti gbé ẹsitéètì náà láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti wà lẹ́yìn, yí gbogbo ògiri ká, ó padà wá, ó ní, “N kò rí ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá kí wọ́n wó ilé mi.” Kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti dáhùn ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ṣírò sítíkà tán, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará àdúgbò fọwọ́ sí ètò náà.

Bẹ́ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹ gbé sítíkà náà sílẹ̀ ná. Ẹ béèrè pé ilé káńsù mélòó ló wà níbí báyìí, mélòó ló máa wà tí ẹ bá kọ́ ọ tán. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Bí wọ́n bá ní ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká pọ̀ níbẹ̀, ẹ béèrè iye owó ilé rẹ̀ lóṣù, nítorí láti 2011 ìjọba ti fàyè gbà kí irú ilé bẹ́ẹ̀ gba tó 80% iye tí wọ́n ń gbà ní ọjà, owó ilé káńsù gan-an kì í sábà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ owó oúnjẹ oṣù kan. Kẹ́ẹ sì tún béèrè bóyá ìdìbò máa wà. Láti 2018, ẹni tó bá fẹ́ gba owó ọ́fíìsì Méyọ̀ Lọ́ńdọ̀nù láti wó ẹsitéètì ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ dìbò. Bẹ́ẹ bá sì gbọ́ pé ètò náà ti yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣèlérí, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Morrisons ní Peckham, ẹ mọ Aylesham Centre. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tó lé ní 850 síbẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé 35% nínú rẹ̀ á jẹ́ ti àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn. Ní òpin 2024 ó já a wálẹ̀ sí 12%, ó ní ilé kíkọ́ ti gbówó lórí. Àwọn ará Peckham tó ti ka ìwé àkọ́kọ́ ló tètè rí i pé èkejì ti yàtọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Old Kent Road, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni. Lọ́dún 2013, Yunifásítì Roehampton gbé ìwádìí jáde pé ìjọ tí adúláwọ̀ pọ̀ jù nínú wọn tó 240 ní Southwark nìkan. Ẹ mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe, òkè ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí, inú ọgbà ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń wọlé. Ní Sunday, aṣọ lésì àti gèlè á máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì 53 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ti ń ta páìpù. Ilé wọ̀nyẹn, ilé ẹrù ni wọ́n jẹ́ lójú òfin. Láti sọ ilé ẹrù di ilé ìsìn, èèyàn gbọ́dọ̀ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ káńsù. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ wa kò tọrọ rẹ̀. Àwọn kan kò mọ̀. Àwọn kan mọ̀, wọ́n ní Ọlọ́run ti fi ibẹ̀ lé àwọn lọ́wọ́. Wọ́n háyà rẹ̀ fún ọdún kan-kan, wọ́n kó owó ìjọ lé e, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Láti 2016 ni káńsù ti ń gbé ètò ńlá jáde fún òpópónà náà: ilé 20,000, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Bakerloo tí wọ́n fẹ́ fà débẹ̀. Wọ́n ya máàpù. Wọ́n fi àwọ̀ kan kun ibi tí ilé-iṣẹ́ wà, òmíràn sí ibi tí ilé-ìwé máa wà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ìwé kò ní àwọ̀. Nígbà tí onílé bá ní kí wọ́n jáde nítorí pé òun ti ta ilẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ mú jáde? Kò sí ìwé tó sọ pé wọ́n wà níbẹ̀ rí. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè máa kọrin níbì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí máàpù má sì rí wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wọn tẹ àwòrán sójú ògiri nígbà ìwàásù, ẹ bi pásítọ̀ yín tìfẹ́tìfẹ́ pé ìwé ilé dà. Bí kò bá sí, ẹ bá a kọ ọ́. Nígbà tí káńsù bá sì ní kí àwọn èèyàn mú ọ̀rọ̀ wá lórí ètò àdúgbò, kí ìjọ yín kọ lẹ́tà kan ó kéré tán, kó sọ iye èèyàn tó ń wá, iye ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, iye ẹbí tí ilé oúnjẹ yín ń bọ́. Àdúrà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n àdúrà kì í wà nínú fáìlì.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Ó lè sú yín, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Oṣù Kejì ni káńsù ń jókòó lórí ètò ìnáwó, òfin sì ní kí wọ́n ti pinnu iye owó-orí káńsù kí ó tó kọjá ọjọ́ 11 oṣù Kẹta. Owó tí àwọn ayálégbé káńsù ń san wà nínú àpò ọ̀tọ̀, kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ owó kíkó pàǹtírí àti ti láíbìrì. Ìtọ́jú àwọn arúgbó àti ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àpò kejì, ilé onígbà díẹ̀ fún àwọn tí kò nílé sì ń fa ìyókù gbẹ. Lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ àwọn káńsù Lọ́ńdọ̀nù ní iye tí wọ́n ń ná lórí ìyẹn nìkan ti dé £4 mílíọ̀nù lójúmọ́.

Bí káńsù bá ṣàṣìṣe, ẹ̀yin ni ẹ máa san án. Croydon ló kọ́ wa. Káńsù ibẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tirẹ̀ sílẹ̀, ó yá a ní owó tó sún mọ́ £200 mílíọ̀nù, ó tún ra hòtẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù Kọkànlá 2020 wọ́n kéde pé àpò ti gbẹ. Òfin kì í sábà jẹ́ kí káńsù fi ju 5% lé owó-orí láìbéèrè lọ́wọ́ ará ìlú, ṣùgbọ́n ní 2023 ìjọba fún Croydon láyè, ó fi 15% lé e. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Thornton Heath, tí kò ra hòtẹ́ẹ̀lì rí láyé rẹ̀, ó san nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, fún ọjọ́ iṣẹ́ 30, òfin fàyè gbà yín láti lọ wo ìwé owó káńsù àti àwọn rìsíìtì tó tì í lẹ́yìn. N kò tí ì rí ọmọ Yorùbá kan tó kàwé ìṣirò owó tó lọ wò ó rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n kún inú ilé ìfowópamọ́ Canary Wharf bí eéṣú.

Àkíyèsí kékeré kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fisa: bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń gbé ilé, wọ́n á yọ 25% fún ọ, ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, ìyẹn wà lára owó ìjọba tí fisa yín kà léèwọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan nínú WhatsApp tàn yín gba fọ́ọ̀mù yẹn.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣe é fojú fò. Ọjọ́ 3 oṣù Keje 2009, iná ṣẹ́ ní Lakanal House ní Camberwell, ilé káńsù Southwark, èèyàn mẹ́fà kú, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ohun tí wọ́n fi bo ara ilé lẹ́yìn àtúnṣe wà lára ohun tó jẹ́ kí iná náà sáré. Ní 2013 adájọ́ tó ṣèwádìí ikú wọn kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n tún òfin ìkọ́lé wò. Ìwé náà wà níbẹ̀. Ní 2017 ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn £270,000 lé káńsù. Kò tí ì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Grenfell jó ní Kensington, èèyàn 72 kú. Nígbà tí wọ́n ń tún Grenfell ṣe, wọ́n fi alumíníọ̀mù tó ní ike nínú rọ́pò síńkì tí wọ́n kọ́kọ́ gbèrò, kí wọ́n lè dín owó tó tó nǹkan bíi £300,000 kù. Àwọn ayálégbé ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2016 pé jàǹbá ńlá nìkan ló máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tiwọn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó kàn ń wo iye owó nínú ètò ìnáwó lè má mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn wà lórí ìlà kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bo ara ilé yín, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi bò ó. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì bí wọ́n bá ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ilé tó ń bu náà ń pani. Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì ní Rochdale, kú ní oṣù Kejìlá 2020 nítorí ọ̀rinrin àti bíbu tó wà lára ògiri fúláàtì àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń pariwo fún ọdún mẹ́ta. Àwọn tó ni ilé ní ọ̀nà tí ìdílé náà fi ń wẹ̀ ló fà á. Mo rẹ́rìn-ín kíkan nígbà tí mo gbọ́, nítorí òṣìṣẹ́ kan ti káńsù kan tí n kò ní dárúkọ ti dúró nínú kíṣìnnì ìyàwó mi rí, ó wo ògiri tó ti dúdú láti igun dé igun, ó gbóòórùn ìkòkò, ó ní bóyá ọbẹ̀ tí ẹ ń sè ni. Ọbẹ̀ wa kò wà nínú yàrá ọmọ tí ògiri rẹ̀ bu jù lọ. Nísinsìnyí òfin tí wọ́n fi orúkọ Awaab pè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kẹwàá 2025: bí ewu bá jẹ́ ti kíákíá, onílé ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan sí i láàárín wákàtí 24, bí ó bá jẹ́ ọ̀rinrin tó lè pa èèyàn lára, wọ́n gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ti ń kà á. Nítorí náà ẹ má pe fóònù nìkan, ẹ fi í-méèlì ránṣẹ́, kí ọjọ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìdílé Gánà ni, ó ń gbé nítòsí South Circular ní Lewisham. Ikọ́ fée pa á ní 2013. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́, ní oṣù Kejìlá 2020 wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tó pa á. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin onímọ́tò ń bínú sí àwọn òpó tí wọ́n fi dí òpópónà àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ti gbó. Ẹ bínú tán, kẹ́ẹ wá wo ojú ọ̀nà wo ni wọ́n darí ọkọ̀ sí, àti ọmọ ta ló ń gbé ibẹ̀.

Ẹ má gbà pé ọ̀tá ni káńsù. Láíbìrì Peckham, ilé aláwọ̀ ewé tó dúró lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn, káńsù ló kọ́ ọ, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Stirling fún ilé tó dára jù lọ ní 2000. Inú rẹ̀ ni Damilola Taylor ti ń bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ní ọjọ́ tí wọ́n gún un ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ó ti lọ lo kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ibi tó dára tí ọmọ wa rí lọ lẹ́yìn ilé-ìwé, àti àtẹ̀gùn ẹsitéètì tí kò dára tó ṣubú sí nígbà tó ń padà bọ̀, àwọn kánsẹ́lọ̀ ló jókòó pinnu lórí méjèèjì.

Kí ẹ tó lọ síwájú káńsù lórí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, ẹ ka ìwé ìpàdé wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e jáde ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú. Ẹ má lọ pariwo. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ iye tí ilé yín máa tà mọ́, wọn kì í kà á sí. Ìmọ́lẹ̀ tí ilé gíga máa dí, ọkọ̀ tó máa pọ̀, igi tí wọ́n máa gé, ilé tí mẹ̀kúnnù máa pàdánù, ìyẹn ni wọ́n ń kà. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kẹ́ẹ sọ ọ́ dáadáa, ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í pẹ́. Ẹ mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ yín, ẹ lọ bá a ní ìgbà tó ń jókòó gbọ́ tẹnu aráàlú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni mẹ́ta péré ló ń wá, méjì nínú wọn sì wá fún ọ̀rọ̀ ajá.

Ẹ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ayálégbé ilé tí ẹ ń gbé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ipò, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà jà du ipò alága. Ipò akọ̀wé ni kí ẹ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ìpàdé wà, ọwọ́ rẹ̀ ni ìlérí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wà pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, òun sì ni lọ́yà máa kọ́kọ́ wá bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ kàn béèrè pé ta ló ń bá wọn kọ̀wé. Mo lè fi owó ìfẹ̀yìntì mi ta tẹ́tẹ́ pé wọ́n á ti fa gègé lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tó jókòó.